"Put Off" Kì í Ṣe Wọ́gi Lé

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló mú mi gbé bírò.

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ wa wọlé, wọ́n ní, "The test has been put off till Monday." Bí àwa kan ṣe gbọ́ "off", a ti pariwo ayọ̀, a ò tiẹ̀ gbọ́ "till Monday" mọ́. Ṣebí tí wọ́n bá ní ká "put off" iná, iná á kú ni? Ìdánwò ti kú nìyẹn! Mo délé, bọ́ọ̀lù ni mo gbá di alẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìbéèrè dé. 4 nínú 20 ni mo gbà.

Tí wọ́n bá "put off" ìdánwò, wọ́n sún un síwájú ni. Tí a bá "put off" iná, a pa á ni. Tí ẹnì kan bá sì ní, "His manners put me off," ìwà onítọ̀hún ló lé e sá. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta.

Àwọn kan ní Òyìnbó kàn fẹ́ fi èyí da orí wa rú ni. Èmi ò gbà. Àwa náà ní irú ẹ̀. Tí mo bá ní "mo gbà ọ́ gbọ́", kí ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ? Tí wọ́n bá "tàn mí jẹ", ta ló fi eyín kàn mí? A kì í sì í sọ pé "mo gbàgbọ́ ọ". Àárín la máa ń fi ẹni náà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "put it off", kì í ṣe "put off it".

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ̀yin olùkọ́ wa má kàn fún wa ní lísìtì gígùn láti há sórí. Ẹ fi gbólóhùn kọ́ wa, kí ẹ sì jẹ́ ká fi Yorùbá wá ìtumọ̀ rẹ̀ láì kọ orúkọ wa sílẹ̀ pé a sọ "vernacular". Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín pé Gẹ̀ẹ́sì wa á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan la gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì rí ibi tó já sí. WAEC ń bọ̀, wọ́n sì máa ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, abèèrè kì í ṣìnà. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ bèèrè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má "put it off" o.