Ẹ Má Pe Làpálàpá Ní Ẹ̀tẹ̀

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àṣìṣe mìíràn ló gbòde báyìí: gbogbo làpálàpá ni àwọn èèyàn ń pè ní ẹ̀tẹ̀. Bí olóṣèlú bá ṣe òfin tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a ní Hitler ni. Bí aláṣẹ kan bá le koko, wọn a ní Násì ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Jámánì fúnra rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, àwọn kan tó ń wọ́de tako òfin ìjọba àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè sí àyà aṣọ wọn, bí ẹni pé ìyà tó jẹ àwọn Júù ló ń jẹ àwọn náà. Kí ni ìràwọ̀ yìí? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, ìjọba Násì pa á láṣẹ pé gbogbo Júù tó bá ti pé ọmọ ọdún 6 gbọ́dọ̀ rán an mọ́ aṣọ kó tó jáde síta. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí ìlà oòrùn Yúróòpù. Kí ogun tó parí lọ́dún 1945, wọ́n ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọ ilé oúnjẹ nítorí pé kò gba abẹ́rẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kó o lọ síbi ikú.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àsọdùn lásán. Lọ́dún 2022, Vladimir Putin ní ara ìdí tí òun fi rán ọmọ ogun wọ Ukraine ni láti fọ àwọn Násì kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Júù ni Volodymyr Zelensky, ààrẹ ilẹ̀ náà. Èébú di àwáwí ogun.

N kò sọ pé ká má fi ìtàn ṣe àríkọ́gbọ́n. Láti ọdún 1990 ni Mike Godwin, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà, ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn kan gbé àsíá Násì wọ́de ní Charlottesville lọ́dún 2017, òun kan náà ló ní kí a fi wọ́n wé Násì láìṣiyèméjì. Ẹ̀rí ló mú ìyàtọ̀ wá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fi òfin du aráàlú ní ẹ̀tọ́, ẹ dárúkọ òfin náà. Ẹni tó bá jalè, ẹ pè é ní olè. Bí a bá ná orúkọ tó burú jù lọ tán sórí ìjà kéékèèké, kí la óò fi kìlọ̀ fáráyé lọ́jọ́ tí ẹ̀tẹ̀ gan-an bá dé?