Ọ̀nà Kan, Eré Méjì

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún eré tí a ń ṣe àti eré tí a ń sá. Ẹni tí ó jókòó ti ọpọ́n ayò ń ṣeré. Ẹni tí ó gun alùpùpù kọjá bí ìjì, eré ni òun náà ń sá. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe géèmù TT Isle of Man: Ride on the Edge mọ èyí, nítorí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti sáré dójú ikú ni wọ́n sọ di eré inú yàrá. Àwọn kan sọ pé kò yẹ kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ rárá. Ẹ̀sùn náà tó yẹ̀ wò.

Isle of Man jẹ́ erékùṣù kékeré kan nínú òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Áílándì. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń fi alùpùpù díje TT níbẹ̀, ní ọdún 1911 ni wọ́n sì gbé ìdíje náà lọ sí ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń lò títí di òní. Kì í ṣe pápá ìṣeré. Ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé ni; ìgbà tí ìdíje bá dé ni wọ́n máa ń tì í. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 37.73, èyí tí í ṣe kìlómítà 60.7, kọ́nà inú rẹ̀ sì lé ní igba. Ìlú Douglas ni wọ́n ti ń gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá síra wọn. Wọn a sọ̀ kalẹ̀ ní Bray Hill láàárín ilé onílé. Wọn a dé afárá Ballaugh, táyà méjèèjì a kúrò nílẹ̀. Wọn a sì gun ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell, níbi tí ìkùukùu ti máa ń bo ojú títì. Ògiri òkúta àti òpó ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní ọdún 2023, Peter Hickman yí gbogbo rẹ̀ po ní ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 36. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní máìlì 136 ní wákàtí kan.

Àwọn tí ó ti kú sí ojú ọ̀nà yìí nínú ìdíje àti ìgbaradì lé ní 250. Nígbà tí Gilberto Parlotti, ará Ítálì, kú níbẹ̀ ní ọdún 1972, Giacomo Agostini, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó ti borí níbẹ̀ nígbà mẹ́wàá, sọ pé òun kò ní padà wá díje mọ́, kò sì padà wá. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn mẹ́fà ni ó bá ìdíje TT lọ. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Orí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ọ̀nà yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ Kylotonn ti ilẹ̀ Faransé fi ẹ̀rọ atanná wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì gbé e sínú géèmù ní ọdún 2018. Èkejì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Ní ọdún yẹn àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ìdíje wáyé lójú títì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní géèmù náà ń gun tirẹ̀ lọ nínú ilé.

Àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn án ní ó ń kọ́ ọmọdé ní ìwàǹwára. Bóyá ni wọ́n ti mú páàdì rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ọmọ tí ó bá kàn ń tẹná láìtẹ bíréèkì kò ní rìn jìnnà kí ó tó fi orí sọ ògiri. Géèmù náà kò gba oníwàǹwára láyè: àfi kí ènìyàn há kọ́nà sórí bí ọmọ aláwo ti ń há ẹsẹ̀ Ifá sórí, kí ó sì ti dẹwọ́ eré kí ó tó rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Ẹ̀kọ́ ni èyí, ẹ̀kọ́ tí ó le pẹ̀lú. Ó sì sàn kí ojú àlejò kọ́kọ́ mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ju kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lójú títì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìṣubú. Nínú géèmù, bí alùpùpù bá forí sọ ògiri, ẹni tí ó gùn ún a fò sókè, a yí gbirigbiri, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún wà lórí ìjókòó rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó pàdánù. A kò lè bá géèmù wí fún èyí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eré ṣíṣe rí: ọmọ ayò tí a jẹ lónìí ń padà sójú ọpọ́n lọ́la. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn òkúta ògiri náà pé pérépéré, wọn kò sì lè wọn ohun tí ògiri náà ń ṣe sí ènìyàn. Bí àwòrán náà bá ṣe jọ òótọ́ tó ni ó ṣe rọrùn tó láti gbàgbé pé ìṣubú inú rẹ̀ kò jọ òótọ́.

Ìgbàgbé yìí kò sì nílò géèmù kí ó tó dé. Ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí ó gun ọ̀kadà láìdé àṣíborí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn kan gbé igbá borí. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹni tí ó dé igbá ń bá ẹ̀ṣọ́ ṣeré. Títì kò bá a ṣe.

Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ eré méjèèjì jù lọ ni Michael Dunlop, ará Àríwá Áílándì. Joey, arákùnrin bàbá rẹ̀, borí TT nígbà 26 kí ó tó kú nínú ìdíje mìíràn ní Estonia ní ọdún 2000. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, Robert, bàbá Michael, ṣubú nígbà ìgbaradì fún ìdíje North West 200, ó sì kú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Michael gun alùpùpù ní ọ̀nà kan náà, ó sì borí. Ní ọdún 2018, ìdíje tún pa William, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọdún 2024, Michael kọjá iye tí Joey borí ní Isle of Man. Ojú títì náà ni ó ti ṣe é.