Kí Àwọn Ìwé àti Fọ́tò Ìdílé Má Baà Parun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gaǹgaǹran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ogunu, ní ìlú Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta, àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kì í sábà ṣí. Inú rẹ̀ ni fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí wà, àti ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, rìsíìtì ilẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti lẹ́tà tí àwọn ará ilé kọ láti òkè òkun. Ọjọ́ tí a bá nílò wọn ni a máa ń rántí wọn, ọjọ́ náà gan-an ni ó sì máa ń hàn pé ikán ti wọ ibẹ̀. Ewu yìí ṣe é dènà nísinsìnyí, nítorí pé ohun tí a ó fi dènà rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ohun náà ni fóònù alágbèéká tí ó ní kámẹ́rà.

Ogunu kì í ṣe àdúgbò tí ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ epo Shell kọ́ ọgbà ńlá rẹ̀ sí, tí àwọn Itsekiri, Urhobo, Ijaw, Yorùbá, Ìgbò àti Ẹ̀dó fi jùmọ̀ ń wá iṣẹ́ ní agbègbè náà. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìntì, àwọn mìíràn sì ti di olóògbé tí àwọn ọmọ wọn ń tọ ipa ẹ̀tọ́ wọn. Títí di ọdún 1979 tí ìjọba àpapọ̀ gba ìpín BP, Shell-BP ni orúkọ iléeṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Shell parí títa ẹ̀ka rẹ̀ tí ń wa epo lórí ilẹ̀ Nàìjíríà fún iléeṣẹ́ Renaissance. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ fi hàn lónìí pé bàbá òun ṣe iṣẹ́ fún ogún ọdún kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn bí kò ṣe ìwé tí bàbá náà fi pamọ́.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti rí ni ọ̀rọ̀ ìjọba náà rí. Ọmọ tí a bí ní Warri ní ọdún 1960 jẹ́ ọmọ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Àbúrò rẹ̀ tí a bí ní ọdún 1965 jẹ́ ọmọ Ẹkùn Midwest, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 tí ó sì di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1967. Èyí tí a bí ní ọdún 1980 jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Bendel, nítorí pé ọdún 1976 ni orúkọ náà dé. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ó jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Delta. Inú ilé kan náà ni a ti lè bí gbogbo wọn, síbẹ̀ ìjọba mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé wọn. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ọ́fíìsì tí ó fún ni ní i kò sí mọ́, àárẹ̀ ẹsẹ̀ sì ni wíwá òmíràn.

Àwọn ohun tí ń ba ìwé jẹ́ pọ̀ ní agbègbè yìí. Òjò tí ń rọ̀ ní Warri lọ́dún ju mílímítà 2,500 lọ. Ọ̀rinrin ń mú kí ìwé bu, ó sì ń mú kí fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn álíbọ́ọ̀mù tí ó gbajúmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980, tí ojú ewé wọn ní gọ́ọ̀mù tí a sì ń fi ọ̀rá bò, ń ba fọ́tò jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère ti ìgbà náà tilẹ̀ ń ṣá ju fọ́tò dúdú-àti-funfun tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àgbàrá ọdún 2012 àti ti ọdún 2022 kó ẹrù ọ̀pọ̀ ìdílé lọ ní Ìpínlẹ̀ Delta. Nínú rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní ọdún 1997, tí ó sì tún wáyé ní ọdún 1999 àti ọdún 2003, a jó ilé, ìwé àwọn onílé sì bá a lọ. Ilé ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó tí ó wà ní Igbosere, ó sì jó àwọn ìwé ẹjọ́ mọ́ ọn.

Òótọ́ ni pé àwọn ohun ìrántí kan ti rí olùtọ́jú. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny tí ó kú ní ọdún 1905, ni ó ya fọ́tò Ọba Ovonramwen ti Benin nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí àwọn òyìnbó ń gbé e lọ sí ìgbèkùn ní ọdún 1897. Àwọn fọ́tò Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí ó jẹ́ ayàwòrán ààfin Benin, wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Wọ́n ṣe àfihàn wọn níbẹ̀ ní ọdún 2014, wọ́n sì gbé àfihàn náà wá sí ìlú Benin ní ọdún 2017. Àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó aláṣẹ kọ nípa agbègbè Warri nígbà ìjọba amúnisìn wà ní Ilé Ìtọ́jú Ìwé Àtijọ́ ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1954. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú fọ́tò alágbẹ̀dẹ, ti apẹja, ti olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìyá tí ó fi àkàrà dídín rán ọmọ mẹ́fà lọ sí ilé-ìwé? Kò sí ilé ìtọ́jú kan tí ó ń wá wọn. Àwọn ọmọ wọn nìkan ni ilé ìtọ́jú tí wọ́n ní.

Iṣẹ́ náà kò le. Ohun àkọ́kọ́ ni láti fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù, nítorí pé ọ̀rá ọwọ́ máa ń jẹ́ kí àwòrán ṣú. Kí a gbé tábìlì sí ẹ̀bá fèrèsé ní ìyálẹ̀ta, kí a tẹ́ aṣọ dúdú sí i, kí a sì gbé fọ́tò lé e lórí. Kí oòrùn má ṣe tàn sí i tààrà, kí a má sì tan iná kámẹ́rà, nítorí pé fọ́tò tí ara rẹ̀ ń dán yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà padà. Fóònù gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú fọ́tò kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè hàn bákan náà. Fọ́tò tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí a má ṣe fi agbára ya á. Kí a yà á bẹ́ẹ̀ láti ibi tí gíláàsì kò ti ní dán sí ojú kámẹ́rà. Ètò kan wà tí Google gbé jáde ní ọdún 2016, tí a ń pè ní PhotoScan, tí ó ń ya fọ́tò kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ó sì ń pa wọ́n pọ̀ láti mú dídán náà kúrò. Kí a má sì gbàgbé ẹ̀yìn fọ́tò. Òǹtẹ̀ ayàwòrán àti ọdún tí a fi gègé kọ síbẹ̀ lè níye lórí ju iwájú rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá parí sí yíya nìkan, ààbọ̀ iṣẹ́ ni. Fọ́tò tí kò ní orúkọ dà bí àlejò tí kò lè sọ ilé baba rẹ̀. Ìwé lè fara da ikán fún ogún ọdún sí i, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó mọ ẹni tí ó dúró ní apá òsì kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí a bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí fóònù sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí a bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ta nìyí, níbo ni, ayẹyẹ kí ni. Bí wọn kò bá rántí ọdún, kí a fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wá a. Ṣé ṣáájú ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 ni, àbí lẹ́yìn tí ó parí ní ọdún 1970? Ṣé ọkọ̀ ti ń rìn ní apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1972? Ṣé náírà ni wọ́n fi sanwó ayàwòrán, tàbí pọ́n-ùn àti ṣílè tí a ń ná títí di ìparí ọdún 1972? Ìdáhùn wọn ni kí a fi sọ àwòrán náà lórúkọ nínú fóònù, kí ọdún ṣáájú, kí ìlú tẹ̀ lé e, kí orúkọ àwọn ènìyàn sì kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò tò tẹ̀ léra wọn, tí wíwá wọn kò sì ní ṣòro.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Fóònù lè jí, ó lè bọ́ sínú omi. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú ohun ìkó-nǹkan-pamọ́ mìíràn bíi fíláàṣì, ọ̀kan ní òde ilé náà pátápátá, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò tí ó wà ní Èkó tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ lé ilé kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Google ti dáwọ́ fífún ènìyàn ní àyè ọ̀fẹ́ tí kò lópin fún fọ́tò dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn kọlu kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ńlá ti ilẹ̀ Bìrìtìkó ní Lọ́ńdọ́nù, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Àwòrán tí a bá sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti ń fi fọ́tò lásán ránṣẹ́ máa ń dín kù ní dídára. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ni kí a fi í ránṣẹ́.

Kí a má ṣe rò pé ẹ̀dà ti gba ipò ojúlówó. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fi àyè sílẹ̀ fún ìwé tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ṣùgbọ́n abala 84 rẹ̀ ka àwọn ohun tí ẹni tí ó mú un wá gbọ́dọ̀ fi hàn. Nítorí náà, kí a dá ojúlówó padà sínú àpò ìwé gbígbẹ, kí a gbé e jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri, kí ẹnikẹ́ni má sì sun ún nítorí pé ó ti wà nínú fóònù. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi fóònù kun fọ́tò àtijọ́ lọ́dà máa fi èyí tí a kò fọwọ́ kàn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé ilẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ ń wá nìyẹn.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìtọ́jú Ìwé Àtijọ́ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna mọ bí a ti ń tọ́jú ìwé, kò sì yẹ kí ìmọ̀ wọn mọ sí inú ọgbà wọn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ilé ìkàwé bá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù láti kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú iná mànàmáná tí kò ní kú àti kọ̀ǹpútà díẹ̀, owó kékeré ni yóò ná wọn. Àwọn olùkọ́ ìtàn lè fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ ilé-ìwé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò kan wá pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí ó ní láti dúró de ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ yìí tó, pẹ̀lú fóònù kan, aṣọ dúdú kan àti àgbà kan lórí àga. Omi tí ó bá ti dànù kò ṣe é kó, ṣùgbọ́n àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn kò tíì dànù. Kí a ṣí i lónìí, kí a sì bi àgbà ní orúkọ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè dáhùn.