Ṣé Òtútù Àyà Ń Mú Ejò?

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ejò rárá. Nílé lọ́hùn-ún, igi la fi ń kí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní Ìlú Ọba ń bẹ̀bẹ̀ fún un, àwọn òbí míì sì ti gbà. Èyí tó wọ́pọ̀ ni erè kékeré tí wọ́n ń pè ní royal python. Ẹ má rò pé ẹran òyìnbó ni o! Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó o wá. Ní Ouidah, ó ní ilé òrìṣà tirẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọmọ á ní, "Mọ́mì, ejò mi ń mí hẹẹ-hẹẹ," ìyá á rẹ́rìn-ín, "Òtútù tún ń mú ejò?" Ó ń mú un. Bí bàbá bá yọ iná ilé ejò nídìí lálẹ́ nítorí owó iná, àwa á wọ súwẹ́tà. Ara tirẹ̀ ò lè mú ooru jáde fúnra ẹ̀. Apá gbígbóná ilé ẹ̀ yẹ kó tó nǹkan bíi 32 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá tutù, tàbí tó dọ̀tí, òtútù àyà dé nìyẹn. Ejò ò sì lè wúkọ́ dáadáa bíi tiwa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kàn jókòó síbẹ̀.

Ẹ wo ẹnu ẹ̀. Èyí tó ń la ẹnu mí, tí ìfófòó ń yọ nímú ẹ̀, tó ń gbé orí sókè ṣáá bí ẹni ń wo àjà, ara ẹ̀ ò yá. Àìjẹun nìkan ò tó ẹ̀rí, irú ejò yìí lè má jẹun fún oṣù mélòó kan. Tó bá fẹ́ bọ́ awọ, imú ẹ̀ lè máa dún díẹ̀; tó bá bọ́ ọ tán tí kò dákẹ́, ẹ gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí Robb níbẹ̀, kò sí àgbo, kò sí amoxicillin tó ṣẹ́kù nínú báàgì. Dókítà ẹranko ni, èyí tó mọ ejò. Ẹ bi wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Owó ẹ̀ wọ́n, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òfin Animal Welfare Act ti 2006 ní England àti Wales ò yọ ejò sílẹ̀, bí ọmọ tó ni ín ò bá sì tí ì pé ọdún 16, ẹ̀yin òbí lòfin máa bi.