Ẹ̀bẹ̀ fún Ìlobùú àti Ìfọ́n: Ẹ Bá Wa Kọ́ Àwọn Tí Yóò Tọ́jú Ọkàn Mọ́ Ara

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Sẹ́nétọ̀ Adémọ́lá Adélékè, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera. Sí Gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí Kábíyèsí Olóbu ti Ìlobùú àti Kábíyèsí Olúfọ́n ti Ìfọ́n náà lè gbọ́ sí i.

Ọmọ Ìlobùú ni mí, agboolé ìyá mi sì wà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kà mí sí ẹni tó wá gbèjà ìlú kan lórí ìkejì.

Ọpẹ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ dú. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ẹ̀yin Gómìnà lẹ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, tí àwọn agbófinró fi wọ ìgboro. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn ènìyàn di ẹrù lérí, wọ́n sá fi ilé sílẹ̀. Bí kò bá sí àṣẹ yín, ohun tó ṣòfò ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kọ́ ni mo gbé wá o. Ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn àgbà àti lọ́wọ́ òfin. Ohun tó kù sára àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́ ni mo wá bẹ̀bẹ̀ lé lórí.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2019 pé níbikíbi tí ogun tàbí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí 22 ni àìsàn tó jẹ mọ́ ọkàn àti ọpọlọ máa ń wà lára wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í já aṣọ, wọn kì í sì í sá wọ ọjà. Àìsùn ni tiwọn, àyà jíjá, oúnjẹ tí kò wọlé. Bí àìsàn mìíràn bá tún wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ á di ìṣòro.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú rẹ̀ kò wọ́n ní àdúgbò wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, èlùbọ́ ló ń tà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní sẹ́ńtà ìlera, ó ga. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ó sì ṣàlàyé fún un wéréwéré, nítorí èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá lo oògùn títí orí fi dẹ́kun fífọ́, ó wá kó ìyókù sínú agolo mílíìkì, ó gbé e pamọ́ di ìgbà mìíràn. Lójú tirẹ̀, ìrònú ọmọ tí ilé rẹ̀ jóná ló fa àìsàn náà. Bí ìrònú bá ti fúyẹ́, àìsàn ti lọ nìyẹn. Nígbà tó padà lọ, ẹ̀jẹ̀ ti tún ru sókè, nọ́ọ̀sì sì pariwo mọ́ ọn: “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?” Ìyá kò débẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ alágbo ló gbà lọ, torí alágbo a máa fìdí kalẹ̀, a sì máa béèrè bí ilé ṣe rí.

N kò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Èrò tí ó yẹ kí ènìyàn mẹ́rin dá lóhùn ni òun nìkan ń dá lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-ọkàn nípa ìlera (health psychology) yanjú, ìbéèrè ni yóò fi bẹ̀rẹ̀: Màmá, kí lẹ rò pé ó fa àìsàn yìí? Títí di ìgbà wo lẹ rò pé yóò fi wà lára yín? Ìdáhùn yẹn ni yóò fi mọ ibi tí oògùn ti máa já sílẹ̀. Yóò wá bá ìyá wá àyè fún un nínú ohun tó ti mọ́ ọn lára. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí páálí oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùtá tó fi ń ṣe àlùwàlá àṣùbáà. Yóò mọ ọmọ tàbí ìyàwó ilé tí yóò máa rán an létí. Yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé tó jóná náà, torí oorun tí kò wá lóru kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí oògùn láàárọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò tún wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ohun tó ṣe ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ìṣòro yìí kò mọ sọ́dọ̀ tálákà. Ní ọdún 2003, WHO kọ ọ́ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó rí jájẹ pàápàá, bí ìdajì péré nínú àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Amẹ́ríkà ń ya fọ́tò àyà lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè tètè rí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì yà síbẹ̀. Dípò kí wọ́n bú wọn, wọ́n rán àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-ọkàn lọ béèrè ìdí. Ara ohun tí wọ́n gbọ́ wà lára ibi tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-ọkàn nípa ìlera ti gbèrú. Nílé wa níbí, ẹ rántí abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Nígbà tó dé ní oṣù October 2023, àhesọ ti ń sáré níwájú rẹ̀ pé kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa bímọ.

Irú ìtọ́jú yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé-ìwòsàn Àrò ká ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ẹbí wọn ń bá wọn gbé, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Gbogbo ayé wá wò ó. Ìlobùú ni a mọ̀ mọ́ Erinlẹ̀, ọdẹ tó tún jẹ́ oníṣègùn; Ìfọ́n ni a mọ̀ mọ́ Òrìṣà Olúfọ́n, aláṣọ funfun. (Mùsùlùmí ni mí, ẹ má bi mí ní ìbéèrè púpọ̀; ìtàn ìlú ẹni ni ìtàn ìlú ẹni.) Ìlú méjèèjì mọ̀ tipẹ́ pé ìwòsàn ju ewé àti egbò lọ.

Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹ rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-ọkàn nípa ìlera dé oyè kejì. Ìbéèrè kan lè wà lọ́kàn yín: kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ oyè kejì? Ẹ̀yin Ọlọ́lá, oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-ọkàn ń fún ọmọ ní ìpìlẹ̀ ni; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń yan ẹ̀ka tí yóò dì mú, bóyá ti ilé-ìwòsàn, ti iléeṣẹ́ tàbí ti ìlera. Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n pín báàgì àti mití-páì, kí wọ́n ya fọ́tò, kí oníkálukú máa lọ. A ti rí irú ìyẹn.

Òfin àpapọ̀ lórí ìlera ọpọlọ ti wà, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù January 2023. Ẹ̀yin náà ti ń tún àwọn sẹ́ńtà ìlera ṣe káàkiri wọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ yìí, a rí ọ̀dà tuntun, a sì dúpẹ́. Ẹni tí yóò jókòó ti ìyá elélùbọ́ yẹn nínú ilé tí ẹ kùn ló kù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìjọba san owó ẹ̀kọ́ oyè kejì fún ọmọ mẹ́fà: méjì láti Ìlobùú, méjì láti Ìfọ́n, méjì láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-ọkàn tó ti pẹ́. Ẹ rán wọn lọ síbẹ̀. Kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé wọn yóò sìn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ọ̀rọ̀lú fún ọdún mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ jápa tó wọ̀ ọ́. Kí iṣẹ́ ìwádìí wọn dá lórí àwọn ènìyàn wa gan-an. Bí wọ́n bá sì dé, ẹ fi ọmọ Ìlobùú sí Ìfọ́n, kí ẹ fi ọmọ Ìfọ́n sí Ìlobùú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù àdúgbò kejì kò ní lọ gba oògùn níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí ni ẹ̀rù náà ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Gíwá, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera yín àti ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wà ní Òṣogbo, ibi tí kòròpe ń gbé wa dé láti Ìlobùú láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yìí yóò ti ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, kí ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí lè ti ibẹ̀ fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òrùlé yín.

Gómìnà, a kò gbàgbé pé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ń dúró dè yín, a sì mọ̀ bí wàhálà orí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ṣe há yín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ mẹ́fà, tí kì í ṣe ọgọ́ta. Ẹ̀yin ọmọ Ẹdẹ, ará ilé wa ni yín. Ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Kí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé tó ń bọ̀ tó jáde ni a fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí a wá sí ọ́fíìsì yín ní Àbèrè wá ṣàlàyé, ẹ dá ọjọ́ fún wa. Àwa ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n yóò jọ wọ ọkọ̀ kan wá.