Ẹ yéé parọ́ pé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í kú

1/ Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ń ta pick-up tokunbo lórí ìkànnì yìí, gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa ń kọ: "Hilux dísẹ́ẹ̀lì ni, kì í kú. Buy and drive." Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ó máa ń kú. Díẹ̀díẹ̀ ló kàn ń kú, ẹni tó rà á kẹ́yìn ló sì máa ń sin òkú ẹ̀.

2/ Mo mọ fídíò tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Top Gear, 2003. Wọ́n fi Hilux dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan sínú omi òkun, wọ́n dáná sun ún, wọ́n gbé e sórí ilé gíga, wọ́n wó ilé náà, ó ṣì sítáàtì. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ni ìyẹn fi hàn? Pé ó lè fara da ìyà ọjọ́ mélòó kan. Fáàfù kì í jẹ lọ́jọ́ mélòó kan. Ọdún ló fi ń jẹ.

3/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 2,000 rpm, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń padé, ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kan, 60,000. Tẹ́ ẹ bá fi wákàtí méjì wakọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, fáàfù kọ̀ọ̀kan ti gbá seat ẹ̀ ní ìgbà 120,000. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ tó gba inú air filter tó ti ya wọlé kún un. Irin ni, ó máa jẹ.

4/ Tí seat bá ń jẹ, fáàfù á máa wọnú top cylinder lọ. Àlàfo tappet, tí kò tó nínípọn káàdì ATM tẹ́lẹ̀, á máa dínkù. Tó bá tán, fáàfù ò ní lè padé dáadáa mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí fáàfù exhaust bá jókòó sórí seat ló máa ń rí ibi tú ooru ara ẹ̀ sí. Tí kò bá rí ibi jókòó, jíjó ló máa jó.

5/ Èyí tó burú jù ni pé kì í pariwo. Camshaft tó bá jẹ, tappet ẹ̀ á máa dún kà-kà-kà, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Tó bá jẹ́ seat ló ń jẹ, ńṣe ni ariwo ń dínkù! Ẹ á wá máa sọ pé "ẹ́ńjìnì yìí mà jẹ́jẹ́ o." Jẹ́jẹ́ kẹ̀! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

6/ Dísẹ́ẹ̀lì ò ní plug tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ tí piston fún pọ̀ ló ń gbóná débi tí epo fi ń jó. Tí fáàfù bá ń jò, afẹ́fẹ́ ò ní gbóná tó. Àárọ̀ kùtù lẹ máa rí i: ó pẹ́ kó tó sítáàtì, ó ń gbọ̀n, èéfín funfun ń tú jáde. Epo tí kò jó ni èéfín yẹn. Ó lè jẹ́ nozzle tàbí heater plug náà o, ìdí nìyẹn tí compression test fi wà. Tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tán, gbogbo ẹ̀ lè pòórá. Ẹ ti wá rí ìdí táwọn kan fi máa ń sítáàtì ọkọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.

7/ "Bàbá mi lo 5L fún ogún ọdún, wọn ò fọwọ́ kàn án." Ẹ lọ bi mẹkáníìkì bàbá yín. 5L ní tappet tí wọ́n ń fi shim tún ṣe, ó ní belt tí wọ́n ń pààrọ̀. Ẹnìkan ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin ni ẹ ò sí níbẹ̀. Àti pé àwọn tó kú ò sí lójú títì kẹ́ ẹ rí wọn. Wọ́n ti di irin àlòkù.

8/ 2KD (2.5) àti 1KD (3.0) náà ń lo belt. Tó bá já, piston á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Toyota fi iná T-BELT sí dashboard kó lè kìlọ̀. Àwọn kan á pa iná yẹn, wọn ò ní pààrọ̀ belt, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sọ́jà. Ìwà ìkà gbáà ni! 1GD (2.8) tó dé ní 2015 ń lo chain, tappet ẹ̀ ń fi ọ́ìlì tún ara ẹ̀ ṣe. Ó dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ọ́ìlì kan náà rin ìlọ́po méjì ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, òun náà á jẹ.

9/ "Kí ló wá kàn ẹ́?" Ó kàn mí, torí ẹni tó kó owó àjọ jọ ra pick-up láti máa fi kó gàrí àti tòmátì lẹ̀ ń parọ́ fún. Tí agbára ẹ́ńjìnì bá lọ níbi tó ti ń ya tírélà sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ̀ọ̀, kì í ṣe owó nìkan ló máa ṣòfò.

10/ Kẹ́ ẹ tó sanwó:
– Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kó tó sítáàtì. Tó bá ti gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ kejì.
– Ẹ ṣe compression test. Tí silíńdà kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, ẹ má rà á.
– Ẹ bèèrè ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ belt. Tí kò bá sí, ẹ fi owó belt sínú ìnáwó yín.
– Tó bá jẹ́ oní-shim, kí mẹkáníìkì fi feeler gauge wọn tappet ẹ̀. Etí nìkan ò tó.

11/ Hilux lágbára, mi ò bá yín jiyàn. Agbára yẹn gan-an ló jẹ́ ká sọ ọ́ di ẹrú tí a kì í tọ́jú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Tẹ́ ẹ bá tún rí "kì í kú" lábẹ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ìgbà wo lẹ yẹ tappet ẹ̀ wò kẹ́yìn?