Ẹ̀rọ Ìrìn Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Pálọ̀



Àṣà kan ti wọ àárín àwa tí a ń pe ara wa ní ọlọ́lá ìlú, ó sì yẹ kí a bá ara wa sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wa bá kọ́ ilé tuntun, tí ó ra àga, tí ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ara ògiri, ohun tí ó kù ni ẹ̀rọ tí a ń rìn lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní treadmill. Àlejò dé, a fi hàn án. Àlejò yìn ín, inú wa dùn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, aṣọ ni a ń sá sí apá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru olówó rẹ̀ kò sì rọlẹ̀. Èmi kò ní fi igbá bo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀rọ kò ní àbùkù, àwa tí a rà á fún ojú ayé ni a ní i.

Oríṣi ènìyàn méjì ni yóò bá mi jiyàn. Ẹni èkíní yóò wí pé ohun Òyìnbó ni, àti pé ohun èlò ìyà ni ó jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òtítọ́ ni. Ní 1818 ni William Cubitt, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àgbá kan kalẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gùn bí àtẹ̀gùn tí kò lópin. Lẹ́yìn tí òfin sì ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Jamaica ní 1834, irú àgbá yìí ni a fi ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú níyà nínú ilé ìjìyà. Ṣùgbọ́n àdá tí ẹrú fi ṣán oko olówó rẹ̀, ẹni tí ó bá di òmìnira a máa fi ṣán oko ara rẹ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú. Ní 1963, Robert Bruce, oníṣègùn ní Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tí a fi ń yẹ ọkàn wò lórí ẹ̀rọ ìrìn, àwọn ilé ìwòsàn sì ń lò ó títí di òní.

Ẹni èkejì ni ó burú jù. Òun ni ó ń wí pé ìrìn ẹsẹ̀ ti òtòṣì ni, àti pé ìjòyè tí a bá rí ní títì láìsí mọ́tò ti tẹ́. Ta ni ó kọ́ wa ní èyí? Àwọn baba wa rìn lọ sí oko, wọ́n sì rìn bọ̀. Àwọn alájàpá rìn láti ìlú dé ìlú. Ọlá wọn kò dínkù. Mọ́tò dé, a sì rò pé ọlá ni kí ẹsẹ̀ má kan ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá ṣubú lójijì, a ó ní ayé ni ó ṣe é. Ayé wo? Lọ́pọ̀ ìgbà, àga tí a jókòó sí láti òwúrọ̀ di alẹ́ wà lára àwọn ọ̀tá náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ti tó 150. Ẹni tí ó bá ní ọ̀nà tí ó dára ní àdúgbò rẹ̀ kò ní láti ra ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀kadà kò jẹ́ kí ó ráyè ní títì, tàbí tí alẹ́ ni ó ń ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀rọ wúlò fún un. Kí ó yàn án bí ẹni tí yóò lò ó.

Kí ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀: kí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lè gbé ju tirẹ̀ lọ dáadáa. Bẹ́líìtì tí ó gùn ní íǹṣì 50 tó fún ìrìn. Ẹni gíga tí yóò sáré nílò nǹkan bí 60. Kí ó má ṣe fetí sí agbára tí a kọ gàdàgbà sí ara páálí. Kí ó bèèrè èyí tí ẹ́ńjìnnì lè gbé láìdáwọ́ dúró: horsepower 2 fún ìrìn, 3 fún eré sísá.

Lẹ́yìn náà, kí ó wo iná. Ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, iná 120 volt ni a ṣe é fún. 230 ni tiwa, yóò sì jó bí a bá kì í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2024, ètò iná gbogbo Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iná bá sì lọ lójijì, ẹni tí ń sáré lè fi orí sọlẹ̀. Èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ ara ẹni tì wà, kò nílò iná rárá.

Kí ó wo ọmọdé pẹ̀lú. Ní 2021, ilé iṣẹ́ Peloton ní Amẹ́ríkà kó ẹ̀rọ Tread+ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ọmọ kan kú. Ẹ so okùn ìdádúró mọ́ aṣọ yín nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Bí ẹ bá sì parí, ẹ yọ ọ́ pamọ́.

Ní ti lílò: ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ fi ìrìn pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú un yá títí ẹ ó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò ní lè kọrin.

Ẹ̀yin ìjòyè, ojú yín ni ará ìlú ń wò. Bí ibi ìpàdé kò bá jìnnà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ, kí ìtìjú yìí lè kúrò lórí àwọn ọmọ wa. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. A kì í sì í fi oògùn ṣe ọ̀ṣọ́, lílò ni a ń lò ó. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí.